Aṣọ tí obìnrin lè wọ̀ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Ìbàdàn, tí ara á fi rọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́

Níwájú dígí, lórí ìdúró, ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ gbafẹ́. Aṣọ á gún lára, fọ́tò á sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà bíi Trans Amusement Park ní Bódìjà, ìdúró kọ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ ó gun àtẹ̀gùn irin, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọkọ̀ kékeré, ẹ ó la ẹsẹ̀ jókòó, irin á dábùú lé yín nítan, ẹ̀rọ á wá gbé yín sókè níbi tí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti ń gbójú wò yín. Nítorí náà, ìjókòó ni ká fi yan aṣọ ọgbà. Aṣọ tó bá gbà yín jókòó, tó gbà yín nawọ́ sókè, tó sì gbà yín bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà pọ̀ tí a lè gbà mú un rẹwà. Èyí tó rẹwà lórí ìdúró nìkan, kò sí àtúnṣe fún un mọ́ tí ẹ bá ti dé orí ẹ̀rọ.

Ibi tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń lọ

Ibi ìgbafẹ́ Ìbàdàn kò rí bákan náà. Ẹ̀rọ ló gba iwájú ní Trans: èyí tó ń gbé èèyàn yí lókè, èyí tó ń sáré, èyí tó ń fini yí òòyì. Ní Agodi Gardens, koríko àti omi ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń fa èrò, ẹ ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ jókòó jẹun. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Bower's Tower tó ti wà lórí Òkè Àrẹ́ láti 1936, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ó sì ń yí po. Ẹni tó bá wọ gáùn tó ń wọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan gbé etí aṣọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ló nílò níbẹ̀.

Ọjọ́ náà tún ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àti ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹ ó dúró lórí ìlà nínú òòrùn ju bí ẹ ó ṣe jókòó sórí ẹ̀rọ lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ohun tí a fi bo orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, òjò lè dé nígbàkigbà. Aṣọ òjò fífẹ́lẹ́ tó ṣeé ká sínú báàgì sàn ju agboòrùn lọ, torí agboòrùn kò ṣeé gbé gun ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó máa bá yín dì í mú. Lásìkò ọyẹ́, òtútù àárọ̀ ń tan èèyàn jẹ: wọ́n á wọ súwẹ́tà tó nípọn, ó máa di aago méjìlá, wọ́n á máa gbé e kiri. Ṣẹ́ẹ̀tì fífẹ́lẹ́ lórí tíṣẹ́ẹ̀tì ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ má so ṣẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ ìbàdí gun ẹ̀rọ. Inú báàgì ni kó wọ̀.

Ẹ ro ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ náà. Èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn Máíkírà, línẹ́ẹ̀nì á ti rún kí ẹ tó dé Bódìjà. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà, síkẹ́ẹ̀tì tó fún máa ń mú obìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́, èyí sì léwu. Ohunkóhun tó lè wọ inú táyà ọ̀kadà, ìbáà ṣe etí ìró, ọ̀já tàbí ìdí híjáàbù, ó lè wọ inú ẹ̀rọ ọgbà pẹ̀lú. Ẹ fi ọ̀kadà yẹn ṣe ìdánwò àkọ́kọ́.

Irú aṣọ

Òwú ló dára jù fún òòrùn wa. Ó ń fa òógùn, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Àǹkàrá òwú, àdìrẹ, káńbíríìkì fífẹ́lẹ́, gbogbo wọn wà ní Gbági, ẹ ó sì rí tíṣẹ́ẹ̀tì òwú àti aṣọ rírán sílẹ̀ ní Aléṣinlóyé. Kírépù tí ọ̀pọ̀ ń wọ̀ báyìí, ṣòkòtò àti ẹ̀wù rẹ̀, kì í rún nínú ọkọ̀, ó sì ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n políẹ́sítà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí òógùn bá ti bò yín, ó máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ooru á wá há sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ kírépù ni ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó tóbi lára, kí apá rẹ̀ sì ṣí.

Ẹni tó bá ń ra aṣọ tí ọlọ́jà ń búra pé òwú gidi ni, kó bẹ̀bẹ̀ fún fọ́nrán òwú kan létí rẹ̀, kó sì fi iná sí i níta. Òwú máa jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́nká. Políẹ́sítà máa ń yọ́ ni, á sì di kókó líle.

Àdìrẹ yẹ ọgbà púpọ̀. Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára ń dùn ún wò nínú fọ́tò ìgbafẹ́ nílùú yìí ju aṣọ mìíràn lọ. Àmọ́ aró tuntun ń yọ. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún fún ìṣẹ́jú kan. Tí aṣọ funfun bá yí àwọ̀, ẹ fọ àdìrẹ náà nínú omi tútù léraléra títí omi á fi mọ́, ẹ má sì gbára lé iyọ̀ láti mú aró dúró. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òógùn yín á kun kọ́mú, á kun báàgì, á tún kun ìjókòó ọgbà.

Ẹ fọ àǹkàrá kí ẹ tó gbé e fún télọ̀. Òwú ń sún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, àárín ìdí ṣòkòtò ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, funfun kò bá ilẹ̀ pupa Ìbàdàn rẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Àwọ̀ tó tàn, bí ọsàn, ewé tútù tàbí búlúù, dára fún ìyá tó kó ọmọ dání: ọmọ á tètè rí i láàárín èrò. Fún ìdí kan náà, áńkóò láàárín ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí wúlò ju ti fọ́tò lọ. Àǹkàrá kan náà, kí oníkálukú rán tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ kò ní wá ara yín.

Ṣòkòtò gbòòrò, àti bí télọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rán an

Bí a bá ní ká mú aṣọ kan ṣoṣo, ṣòkòtò gbòòrò tó dúró ní íǹṣì méjì sókè ọrùn ẹsẹ̀ la máa mú, pẹ̀lú ẹ̀wù tó gùn dé ìdí. Atẹ́gùn kò lè ká a sókè. Ó bo itan mọ́lẹ̀ kúrò lórí ìjókòó ike tí òòrùn ti yan láti àárọ̀. Ìyá tí kò fẹ́ kí ìdí òun hàn, ó bá a mu. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ gún régé, ó lè fi bẹ́líìtì dì í níbàdí. Pàlásò tó ń gbá ilẹ̀ kọ́ la ń wí o. Ìyẹn ń wọ abẹ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn irin, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fún àǹkàrá tó fẹ̀ tó íǹṣì 45, yáàdì 3 á tó ṣòkòtò náà fún ẹni tí ìdí rẹ̀ kò ju íǹṣì 44 lọ, àpò àti ìbàdí wà nínú rẹ̀. Yáàdì 2 á tó ẹ̀wù. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kó ra yáàdì 6 tó pé.

Ibi tí ṣòkòtò ti sábà ń ya lọ́gbà ni àárín ìdí, níbi tí ojú rírán ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ohun mẹ́ta ló ń fà á. Èkíní, télọ̀ wọn ìdí lórí ìdúró. Tí èèyàn bá jókòó, ìdí rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ jókòó lórí àga kí wọ́n tún un wọ̀n, ẹ lo òǹkà tó tóbi jù, kí télọ̀ sì fi íǹṣì mẹ́rin kún un. Èkejì, gígùn láti ìbàdí dé abẹ́ ìdí kúrú jù. Ẹ jókòó sórí àga pákó tí kò ní tìmùtìmù, kí ó wọn láti ìbàdí ní ẹ̀gbẹ́ dé orí pákó, kó sì fi íǹṣì kan sí íǹṣì kan ààbọ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, ojú rírán ẹyọ kan. Ẹ sọ fún un kó rán àárín ìdí lẹ́ẹ̀mejì, ìlà kejì kí ó súnmọ́ ti àkọ́kọ́ pẹ́kípẹ́kí. Tó bá ti rán an tán, ẹ di apá ọ̀tún àti òsì ojú rírán mú, ẹ fà á dáadáa. Tí ẹ bá rí ihò tó ń là láàárín òwú, ẹ dá a padà fún un lọ́jọ́ yẹn náà.

Àpò ṣe pàtàkì bí ṣòkòtò náà ṣe ṣe pàtàkì. Kó jìn tó íǹṣì mẹ́sàn-án, kó ní síìpù íǹṣì mẹ́fà sí méje, kó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ itan níwájú díẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Fóònù inú àpò ẹ̀yìn á fọ́ lábẹ́ ìdí. Èyí tó wà nínú àpò tí kò ní síìpù á já bọ́ bí ẹ̀rọ bá ti kọrí sísàlẹ̀.

Jíǹsì ńkọ́? Tó bá ń nà, tí kò sì fún, ó ṣeé wọ̀ lásìkò ọyẹ́. Ní oṣù Kejì àti Ẹ̀kẹta, ìyà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣòkòtò bọ́síkọ̀rọ̀, kó gbé àárín ìdí rẹ̀ sí ojú òòrùn wò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, ó ti gbó. Kó fa síìpù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó na rọ́bà ìbàdí wò bóyá á padà. Nílé, kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kó sì lọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́.

Fún àwọn tí kì í wọ ṣòkòtò

Ọ̀pọ̀ ni ìjọ wọn tàbí ìdílé wọn kò gbà fún láti wọ ṣòkòtò, ìyẹn kò sì ní kí wọ́n jókòó sílé. Síkẹ́ẹ̀tì tàbí gáùn tó dé àárín ojúgun ló yẹ, kí etí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 70 ní àyíká kí ẹsẹ̀ lè ga dé ẹnu ọkọ̀ láì gbé aṣọ sókè. Èyí tó fún, tí wọ́n là lẹ́yìn, kò ṣeé gbára lé: ibi tí wọ́n là yẹn ló ń ya, ó sì ń ya sókè. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tó nà, tó dé íǹṣì méjì sókè orúnkún. Yẹ̀rì nìkan kò tó, torí atẹ́gùn tó gbé gáùn á gbé yẹ̀rì náà.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà jókòó: ẹ kó aṣọ jọ sí iwájú, ẹ jókòó, ẹ fi etí rẹ̀ sábẹ́ itan lápá ọ̀tún àti òsì, kí irin ìdábùú tó wá sílẹ̀. Ẹ wò ó kí aṣọ má há sí ibi tí irin ti ń kọ́ ara, torí bẹ́líìtì tó bá di aṣọ mọ́nú kò ní wọ̀ dáadáa, ó sì lè ṣí.

Abáyà àti bùbú jẹ́ aṣọ ìjókòó lábẹ́ igi. Wọ́n dára fún ẹni tó kàn fẹ́ wo àwọn ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ gun ẹ̀rọ, apá bùbú tó ṣí sílẹ̀ yẹn kò ṣeé mú lọ. Ìró àti bùbá fún ìyá àgbà? Kí ìró gùn dé ojúgun, kí a fi okùn tàbí bẹ́líìtì fífẹ̀ dì í lábẹ́ bùbá, torí ìró tí a kàn pọn ń tú bí a bá ti ń dìde jókòó. Aṣọ òkè, ẹ fi í sílẹ̀ fún òde ìgbéyàwó. Ó wúwo, ó sì gbóná.

Abẹ́ aṣọ

Kọ́mú tí kò ní okùn èjìká ló máa ń kọ́kọ́ dójú tini. Ẹ nawọ́ di irin mú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí ikùn. Kọ́mú eré ìdárayá tó fẹ̀ lẹ́yìn ló dára jù. Tí kò bá sí, kọ́mú òwú lásán tí okùn rẹ̀ kò tíì gbó. Èyí tó ní wáyà lábẹ́ ń gún ìhà tí bẹ́líìtì bá tẹ̀ ẹ́.

Itan tó ń fi ara họ ara lè ba ọjọ́ náà jẹ́ ju òòrùn lọ. Ẹ fi òrí tẹ́ẹ́rẹ́ pa inú itan lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ wọ ṣòkòtò péńpé lé e. Pátá òwú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí ó má jẹ́ èyí tó ń wọ ìdí.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí: irin ìdábùú máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ìbàdí, okùn rẹ̀ á já, ìlẹ̀kẹ̀ á sì dà sínú ṣòkòtò. Ẹni tó lè bọ́ ọ kó bọ́ ọ. Ẹni tí kò ní bọ́ ọ, kó tì í sókè sí ibi tí ìbàdí ti fún, kó wọ péńpé tó fún díẹ̀ lé e.

Ẹni tó wà lórí nǹkan oṣù kó wọ àwọ̀ dúdú, kó máa pààrọ̀ páàdì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kó sì mú mẹ́ta dání pẹ̀lú pátá kan àti ọ̀rá dúdú.

Orí àti irun

Ohun tó bá ń fì ló ń pani lára. Ní 1927, ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé, síkáàfù gígùn tí Isadora Duncan, oníjó ará Amẹ́ríkà, wé mọ́rùn wọ inú táyà ọkọ̀ tó jókòó sí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní Íńdíà ní 2018, irun obìnrin kan ló wọ inú táyà ọkọ̀ kékeré eré ìje, òun náà kò yè é. A kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bani. Ohun tí ẹ máa ṣe sí i rọrùn.

Híjáàbù: ẹ kọ́kọ́ dé fìlà abẹ́ híjáàbù tó fún, kí híjáàbù má yọ̀. Èyí tí a ń fà wọ̀ láti orí, tó dúró ní àyà, dára ju èyí tí a ń wé lọ. Tó bá jẹ́ wíwé ni, ẹ ki etí méjèèjì sínú ọrùn ẹ̀wù, kí ẹ fi píìnì kékeré tó ń dé ara rẹ̀ mú un níbi méjì péré. Píìnì gígùn tí ẹnu rẹ̀ ṣí kò gbọ́dọ̀ wà lórí ẹni tí ẹ̀rọ fẹ́ mì. Tí híjáàbù bá gùn dé ìdí, ẹ wọ ọ́, ẹ wá fi bẹ́líìtì rọ́bà dì í mọ́ ìbàdí kí ẹ tó jókòó. Àwọn ẹlẹ́hàá kó rí i pé okùn ìbojú so mọ́ lẹ́yìn dáadáa, kí wọ́n sì di irin àtẹ̀gùn mú, torí ìbojú kì í jẹ́ kí èèyàn rí ibi tí ẹsẹ̀ òun wà.

Gèlè kò bá ọgbà mu. Síkáàfù kékeré tí a so ní ìpàkọ́, tí a ki etí rẹ̀ wọlé, ti tó.

Wíìgì ń ṣí. Gúlúù iwájú orí ń rọ̀ tí òógùn bá dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ orí ẹ̀rọ á ṣe ìyókù. Ẹ bọ́ ọ sínú báàgì kí ẹ tó gun ẹ̀rọ, kí irun abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ojú kò ní tì yín láti ṣí síta. Dídì ló dára jù fún ọjọ́ yìí. Kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ́ kí orí sinmi lé ẹ̀yìn àga. Ṣùkú rẹwà, ṣùgbọ́n tí ìjókòó ẹ̀rọ bá ní ìgbérí, kókó rẹ̀ á ti orí síwájú, ọrùn á sì máa dùn yín nígbà tí ẹ bá sọ̀. Àtáṣímẹ́ǹtì tó dé ìbàdí, ẹ ká a jọ sí ìpàkọ́, ẹ fi rọ́bà méjì dè é, ẹ má fi sílẹ̀ lẹ́yìn àga. Ẹ dirun náà ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí awọ orí ti rọ̀.

Etí, ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀

Yẹtí kékeré tó lẹ̀ mọ́ etí nìkan. Ẹ má wọ ṣéènì. Ẹ bọ́ òrùka sílé, torí òrùka tó kọ́ irin nígbà tí ẹ ń fò sílẹ̀ lè fa awọ ìka ya. Èékánná àlẹ̀mọ́ gígùn ń ṣẹ́ lára irin ìdábùú, ó sì máa ń fa èékánná gidi dání. Jígí ojú dára lórí ìlà; nínú báàgì ni kó wà lórí ẹ̀rọ.

Káńfáàsì tó ní rọ́bà lábẹ́ ló yẹ ẹsẹ̀, kí ẹ ki okùn rẹ̀ sínú lẹ́yìn tí ẹ bá dè é. Sáńdà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀ náà dára. Sílípáàsì ń já bọ́ láti òkè sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀, bàtà gogoro sì ń há sí ihò àtẹ̀gùn irin. Bàtà tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí kan kan, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi wọ̀ ọ́ gan-an. Gìgísẹ̀ tó bá bó ní aago mọ́kànlá, ìrìn ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ omi

Aṣọ ìwẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́: náílọ́ọ̀nù tàbí políẹ́sítà tó ní láíkírà, tó lẹ̀ mọ́ ara. Àǹkàrá àti tíṣẹ́ẹ̀tì òwú ń mu omi, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì léfòó sókè lójú yín. Funfun ń fi inú hàn bó bá ti tutù. Jíǹsì ní irin kékeré létí àpò, ó ń ha ike ibi ìyọ̀. Ẹni tó fẹ́ bo ara, aṣọ ìwẹ̀ tó ní ìborí, tó dé ọrùn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wà, ó sì dára. Ẹ kàn wò ó pé ẹ̀wù rẹ̀ so mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ nínú, kó má baà ká sókè.

Páàdì kì í ṣiṣẹ́ nínú omi, ńṣe ló ń mu ún. Kẹ́míkà inú omi ń pa àwọ̀ aṣọ. Ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan aṣọ ìwẹ̀ bí ẹ bá ti ń jáde. Ẹ mú ìró kan dání fún ìpààrọ̀ aṣọ, pátá gbígbẹ, kọ́mú gbígbẹ, ọ̀rá méjì fún èyí tó tutù, àti sílípáàsì, torí ilẹ̀ etí omi gbóná lọ́sàn-án, ó sì ń yọ̀.

Aboyún àti abiyamọ

Aboyún kò gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ tó ń já, tó ń yí òòyì tàbí tó ń kọ lu ara, oyún ìbáà kéré. Gáùn òwú tí kò di ikùn, bàtà pẹlẹbẹ, àga lábẹ́ igi. Abiyamọ kó wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì tàbí síìpù níwájú, kó mú ẹ̀wù kejì dání, torí ọmú á ṣàn. Kò sí ẹ̀rọ tí a ń pọn ọmọ gùn. Tí ẹ bá pọn ọmọ rìn nínú ọgbà, ẹ ki etí ọ̀já méjèèjì wọlé.

Báàgì

Báàgì kékeré kan, tí okùn rẹ̀ kọjá àyà, tó ní síìpù. Lórí ẹ̀rọ, ẹ yí i wá síwájú, kí bẹ́líìtì tàbí irin gba orí okùn rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ọgbà bá ní kí ẹ fi sílẹ̀, ẹni tí ẹ jọ wá ni kẹ́ ẹ fún. Inú rẹ̀: owó, fóònù nínú ọ̀rá, hánkáṣíìfù, páàdì, píìnì mẹ́ta, rọ́bà irun méjì, òrí díẹ̀ nínú ike, abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú òwú tó bá aṣọ yín mu. Omi àti aṣọ ìpààrọ̀ lọ sínú báàgì kejì tí ẹnìkan ń ṣọ́.

Ìdánwò nínú yàrá, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ wọ gbogbo rẹ̀ pátá, láti pátá dé bàtà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ la ẹsẹ̀, kí ẹnìkan jókòó sílẹ̀ níwájú yín wo ohun tó hàn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àga láì fi ọwọ́ fa aṣọ. Ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ wò bóyá ikùn yọ síta. Ẹ fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá; ohun tó bá já bọ́ tàbí tó sọ̀kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ dojú kọ fáànù tó wà lórí ìyára tó ga jù, ẹ yí ẹ̀yìn sí i pẹ̀lú: ohun tó bá ń fì, ẹ ki í wọlé tàbí ẹ gé e. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn aṣọ, ẹ wò bóyá ó ń fi abẹ́ hàn. Bó ti wù kí aṣọ lẹ́wà tó, tó bá kùnà níbi ìlóṣòó, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ mìíràn.

Tí ẹ bá dé

Ẹ má fi omi kan ẹrẹ̀ pupa tó ṣì tutù lára aṣọ, ńṣe ni yóò wọnú òwú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ún dànù, ẹ wá fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ. Òógùn lábẹ́ apá àdìrẹ, ẹ ṣan án lálẹ́ ọjọ́ náà. Káńfáàsì, ẹ yọ pẹpẹ inú rẹ̀ fọ̀ lọ́tọ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú bàtà, kí ẹ sá a sí abẹ́ ibòji. Òòrùn gangan ń mú gúlúù rẹ̀ tú.